Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Ìdànrè fún ọjọ́ mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí oko, oúnjẹ àti àṣà ibẹ̀

Ìyá Ìbejì kọ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àkúrẹ́ ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n Èkó ni a ti kó wá, àwọn ìbejì wa tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ oko rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kẹ́hìndé béèrè lọ́wọ́ mi bóyá inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa kòkó bí ẹni ń wa iṣu. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a ń gbé yìí wà lára àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà, Ìdànrè tí ó jẹ́ ìlú olóko kòkó kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 20 ó lé díẹ̀ lọ sí wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ní kí a wá lo ọjọ́ mẹ́ta nílé bàbá òun ní Odòde Ìdànrè nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí oko, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n sì jẹ oúnjẹ ibẹ̀ bí àwọn onílé ṣe ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a di ẹrù sí àwọn àgbàlagbà lọ́rùn, n kò sì fẹ́ ṣe ohun tí yóò tàbùkù àṣà wọn. Kí ni kí n mú lọ, kí ni kí n yẹra fún, báwo sì ni kí n ṣe ṣètò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ọmọ Olóko Kòkó kọ pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Abúlé kan lẹ́yìn Ìdànrè ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, owó kòkó ni bàbá mi sì fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín jẹ mí lógún gidigidi. Oṣù tí ènìyàn bá lọ ni yóò sọ ohun tí yóò rí. Ẹni tí ó bá lọ ní oṣù Keje yóò bá òjò, ẹrẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń fín oògùn kí kòkó má baà rà dúdú lórí igi. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí wọ inú oṣù Kìíní ni kòkó ń pọ́n jù, Kérésìmesì tí ẹ mú yẹn sì bọ́ sí i dáadáa.

Ẹ má ṣe lọ sí oko bí ẹni tí ó kàn fẹ́ wo igi. Ẹ bi bàbá onílé yín léèrè ọjọ́ tí wọn yóò fọ́ kòkó, kí ẹ sì fi ọjọ́ yẹn ṣe ọjọ́ oko yín, bí ó tilẹ̀ gba pé kí ẹ yí ètò yókù padà. Ní ọjọ́ náà, wọn yóò ti ká kòkó jọ sí ojú kan: àdá ni wọ́n fi ń gé èyí tí ọwọ́ tó, dòjé tí wọ́n fi sórí ọ̀pá gígùn ni wọ́n sì fi ń ká tòkè. Ó máa ń ya àwọn ọmọ ìlú ńlá lẹ́nu pé ara ìtí igi gan-an ni kòkó so mọ́, kì í ṣe orí ẹ̀ka nìkan. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ fa kòkó já lórí igi o, nítorí ojú ibi tí ọ̀kan ti so ni òdòdó yóò tún ti yọ lọ́dún tí ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti dá ọgbẹ́ sí i, ojú ibẹ̀ lè má so mọ́.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ọ̀wẹ̀ tàbí àáró ni wọ́n máa ń fi fọ́ kòkó. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò bọ́ àwọn tí ó wá ràn án lọ́wọ́. Nínú àáró, lónìí oko tèmi ni, lọ́la oko tìrẹ ni. Àwọn kan ṣì ń ṣe é di òní. Gbogbo ènìyàn yóò jókòó yí òkìtì kòkó ká, wọn yóò máa fọ́ ọ, wọn yóò máa yọ kóró inú rẹ̀ sínú agbọ̀n, ìtàn àti orin yóò sì máa lọ. Ibẹ̀ ni ìgbádùn wà jù, àní ju orí òkè lọ lójú tèmi. Kí àwọn ọmọ lá omi funfun tí ó bo kóró náà, ó dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gé kóró jẹ nítorí ó korò. Kí wọ́n sì tu kóró náà sí ibi tí wọ́n bá ní kí wọ́n tu ú sí, torí kóró yẹn gan-an ni owó.

Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n fọ́ ní ọjọ́ bíi mélòó kan sẹ́yìn hàn yín. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn a sì máa yí i padà kí gbogbo rẹ̀ lè gbóná dọ́gba. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbóná yẹn ni ó ń mú kí ìkorò rẹ̀ dínkù tí òórùn dídùn tí a mọ̀ mọ́ kòkó fi ń wọ inú kóró. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a sínú oòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, títí yóò fi máa dún wárawàra bí a bá bù ú lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì bá wọn fi ọwọ́ dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ẹní. Iṣẹ́ ọmọdé ni láti ilẹ̀ wá, inú onílé yóò sì dùn.

Màmá Alásè kọ pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Èmi fẹ́ sọ ti oúnjẹ, nítorí ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àlejò a máa di ìrẹsì lọ́wọ́ láti Àkúrẹ́ lọ sí ìlú tí iyán ti ń duro dè wọ́n. Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má tilẹ̀ jẹun yó kí ẹ tó kúrò nílé, torí bí ìyá arúgbó bá ti gún iyán sílẹ̀ fún yín tí ẹ sì ṣá a jẹ díẹ̀díẹ̀, yóò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ yín.

Oṣù Kejìlá dára fún iyán. Iṣu tuntun tí wọ́n ń wà ní nǹkan bí oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ṣì máa ń ní omi lára, iyán rẹ̀ kì í sì í gbà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rùn bá ti wọlé, iṣu ti gbó, yóò fà, kò sì ní í ní kókó bí ọwọ́ ẹni tó ń gún un bá mọ́ ọn. Ẹ jí ní kùtùkùtù kí àwọn ọmọ gbọ́ ìró odó. Bí wọ́n bá gbà kí wọ́n di ọmọ odó mú, kí wọ́n dì í mú, kí ẹ sì gún pẹ̀lú wọn. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ àti ìgbín sè ni èmi máa ń fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ tọ́ wò, lẹ́yìn náà ilá tàbí ẹ̀fọ́ rírò. Ọwọ́ ni kí ẹ fi jẹ ẹ́, nígbà tí ó ṣì ń gbóná.

Oúnjẹ oko yàtọ̀ sí tilé, ẹ má sì jẹ́ kí ó fò yín ru. Lábẹ́ igi kòkó ni wọ́n ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, nítorí igi kòkó tó ṣì kéré fẹ́ ibòòji. Wọn yóò kàn gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lójú ẹsẹ̀, wọn yóò sun ún lórí ẹ̀yinná, wọn yóò fi epo pupa, iyọ̀ àti ata tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti jẹun ní ilé oúnjẹ olówó gọbọi, síbẹ̀ n kò tíì rí èyí tí ó dùn tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tí ènìyàn jẹ lórí ìtí igi lẹ́yìn tí ó ti fọ́ kòkó láti òwúrọ̀. Bí ẹ bá dúró dé ìparí oṣù, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àgbálùmọ̀ tó kọ́kọ́ pọ́n. Ẹ má retí àwùsá ní tirẹ̀, ìgbà òjò ni tirẹ̀.

Tí bàbá àwọn ọmọ bá ń mu ẹmu, kí ó mu ti òwúrọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ láti orí ọ̀pẹ, nígbà tí ó ṣì dùn. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹmu ti kan, agbára rẹ̀ á sì ti pọ̀ sí i.

Ọmọ Etí Òkun kọ pé:

Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé púpurù àti ọbẹ̀ márúgbó! Oúnjẹ Ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an nìyẹn.

Màmá Alásè kọ pé:

Ọmọ mi, òótọ́ ni pé oúnjẹ ìpínlẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ni ẹ ni ín, kì í ṣe oúnjẹ tí Ìyá Ìbejì yóò lọ máa béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà ní Ìdànrè. Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ púpurù: ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì mọ róbótó kí wọ́n tó gbé e sórí èéfín, lẹ́yìn tí ó bá gbẹ ni wọn yóò ha ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ kúrò, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì rò ó bí ọkà. Òórùn èéfín yẹn bá ọbẹ̀ márúgbó dúdú mu gan-an. Ní Àkúrẹ́ níbí ẹ lè rí i rà. Àsun náà, Oǹdó ni ìlú tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ìdùnnú ìrìnàjò ni kí ènìyàn jẹ ohun tí ilẹ̀ ibi tí ó lọ bá hù jáde.

Ọmọ Etí Òkun kọ pé:

Mo gbà, màmá. Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Ìbejì wá sí Ìgbókọ̀dá lọ́dún tí ń bọ̀ nìgbà náà, a ó sè é fún wọn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì kọ pé:

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Mo fẹ́ bẹ Ìyá Ìbejì pé kí wọ́n má ṣe fi Òkè Ìdànrè ṣe ohun tí wọn yóò sáré gùn, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì sáré sọ̀. Ìlú ni òkè yẹn. Orí rẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran, ní ààrin ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ẹ óò rí ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè, níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ẹ óò sì rí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ yẹn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn ọmọ ọjọ́ orí wọn ti kàwé níbẹ̀ kí a tó bí bàbá àgbà wọn. Ní ọdún 2007 ni wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Àtẹ̀gùn tí ẹ óò gùn lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ni kí ẹ gùn ún. Ẹ sanwó ìwọlé ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì gba ẹni tí yóò mú yín kiri, nítorí ẹni tí kò ní atọ́nà yóò kàn rí òkúta lásán níbi tí ìtàn wà. Wọn yóò fi ojú ẹsẹ̀ Agbógun hàn yín, tí wọ́n ní kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í bá a mu àfi àjẹ́, wọn yóò sì sọ ìtàn Omi Àpáàrà, omi kan tí ó wà lórí òkè náà. Ní ti Orósùn, òrìṣà tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún ni. Ibikíbi tí atọ́nà bá ti ní kí ẹ má wọ̀ tàbí kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ gbọ́ràn sí i lẹ́nu, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Ilé onílé ni.

Ọmọ Èkìmọ̀gún kọ pé:

Ohun kan wà tí kò tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ wa, ó sì ti da ọ̀pọ̀ àlejò lọ́kàn rú. Nínú ẹ̀ka èdè wa ní Oǹdó, Ìdànrè àti àwọn ìlú ìhà Èkìtì, a kì í sábà fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń pe bàbá arúgbó ní “ìwọ”, kì í ṣe àfojúdi. Inú ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni ọ̀wọ̀ wà. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ máa lo “ẹ” tí ẹ mọ̀, kí àwọn ìbejì sì dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ dáadáa. Wọn yóò yé ara wọn.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni tó bá iṣẹ́ mu kí ẹ tó lọ. “Àroko bọ́dún dé o” ni a ń kí àgbẹ̀. Adẹ́mu tí ó wà lórí ọ̀pẹ, “Igbà á rọ̀ o.” Ìyá tí ó pàtẹ sí ọjà, “Ajé á wọgbá o.” Ẹ óò rí bí ojú àwọn àgbàlagbà yóò ṣe tàn bí ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá Èkó bá kí wọn báyẹn. Tí ẹ bá sì bá ènìyàn nídìí oúnjẹ, tí ó ní kí ẹ wá jẹun, tí ebi kò pa yín, “Yóò gba ibi ire” ni ìdáhùn, kì í ṣe “Rárá, mo ti yó.”

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ kọ pé:

Ọ̀rọ̀ ìlera ni tèmi, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má kà á sí ìdẹ́rùbà. Ibà Lásà máa ń jà ní ìpínlẹ̀ wa, ìgbà ẹ̀rùn ni ó sì máa ń pọ̀ jù, irú eku kan tí ó máa ń wọ inú ilé ni ó ń tàn án ká. Ẹ má jẹ eku, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ bo oúnjẹ àti omi yín, kí ẹ sì yẹra fún gààrí tí wọ́n sá sí ojú títì. Ọ̀yà àti ẹran ìgbẹ́ yòókù gbọ́dọ̀ jinná dénú egungun. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ibà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ padà, tí oògùn ibà kò sì ràn án, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ lọ fún wọn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ní ibi ìtọ́jú àìsàn náà.

Ní ti oko: bàtà tó bo ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn, nítorí ejò máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé kòkó tó já sílẹ̀. Kí ẹ tó jẹ́ kí àwọn ọmọ lá kòkó, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fín oògùn sí i kẹ́yìn, kí ẹ sì fọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọ Olóko Kòkó kọ pé:

Nọ́ọ̀sì ṣeun, mo gbàgbé ti oògùn. Díẹ̀ ló kù: ẹ rìn ní ojúmọmọ ní àlọ àti ní àbọ̀. Ẹ mú owó lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ óò rí ẹni tó ń ṣe POS. Ẹ̀bùn tí ẹ óò mú lọ, kí ó jẹ́ ohun tí kò sí lóko. Búrẹ́dì gbígbóná láti Àkúrẹ́, ṣúgà, ọṣẹ, ẹja gbígbẹ. Ẹni tí ó gbé iṣu lọ fún àgbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì di ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu fún yín nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gbà á, ẹ má ṣe fi owó lé wọn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rajà.

Ìyá Ìbejì kọ pé:

Mo tún kí yín o. A ti lọ, a sì ti dé láyọ̀. Mo ṣèlérí pé n óò padà wá ròyìn kí ó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fọ́ kòkó, nítorí náà a sún òkè sí ọjọ́ kẹta gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Olóko Kòkó ti wí. Táyé ló kí bàbá pé “Àroko bọ́dún dé o.” Bàbá dúró jẹ́ẹ́, ó wò ó, ó sì fà á mọ́ra. Láti ìgbà náà, wọn kò jẹ́ kí a ṣe àlejò mọ́. Wọ́n fún bàbá àwọn ọmọ ní dòjé, wọ́n fi mí sí ìdí agbọ̀n, àwọn ìbejì sì ń kó èèpo kòkó jọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun náà rí bí Màmá Alásè ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kẹ́hìndé, tí kì í jẹ ata nílé, fi epo ata yẹn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni omi. Ìgò méjì péré ni mo gbé gun òkè fún ènìyàn mẹ́rin, kí a tó dé ibi ìsinmi kẹta, ó ti tán. Ẹni tí ó bá ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ gbé ìlọ́po méjì ohun tí ẹ rò. Ojú ẹsẹ̀ Agbógun bá gbogbo wa mu. Níwájú ilé ẹ̀kọ́ 1896 ni àwọn ọmọ pẹ́ sí jù, Táyé sì ń béèrè bí àwọn ọmọ ayé ìgbà yẹn ṣe ń gbé omi gun ibẹ̀ lójoojúmọ́. Atọ́nà ní odò wà lórí òkè, orúkọ rẹ̀ sì ni Àrún.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ń bọ̀, bàbá kó àwọn ìbejì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu ilẹ̀ sínú nylon kéékèèké, ó sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbin kóró kòkó tútù mẹ́wàá. Ó ní òun óò máa bomi rin wọ́n lábẹ́ ibòòji títí òjò yóò fi dúró dáadáa ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, nígbà náà ni àwọn tó ni wọ́n yóò wá fi ọwọ́ ara wọn lọ̀ wọ́n sí oko. Láàárọ̀ yìí, Kẹ́hìndé ní kí n fóònù bàbá kí òun béèrè bóyá wọ́n ti hù. Bàbá ní méje ti yọ orí, ti Táyé mẹ́ta, ti Kẹ́hìndé mẹ́rin.